“Take care of” ní Ọ̀gangan-ipò Yorùbá: Ta Ni Ó Ń Tọ́jú Ta ní Abẹ́òkúta?

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pé kí ni “take care of” ń jẹ́, kíá ni yóò dáhùn pé tọ́jú ni. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ nínú ìwé. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní 1884, èyí tí Samuel Ajayi Crowther, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ibùdó ìjọ CMS sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ṣe iṣẹ́ takuntakun lé lórí, tọ́jú àti ìtọ́jú ni a lò fún ohun tí ará Samáríà ṣe fún ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu báyìí máa ń kó àwa tí a ń ṣe ògbufọ̀ sí wàhálà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi àpólà-ìṣe kan ṣoṣo kó jọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Yorùbá ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni tọ́jú fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ tí àpólà Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní. Abẹ́òkúta ni n ó ti mú àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Ìtòkú, níbi tí àwọn aládìrẹ pàtẹ sí. Oníbàárà dúró níwájú ìsọ̀, ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti “take care of” rẹ̀. Yorùbá ọjà kò ní í lo tọ́jú rárá: “Màmá, ṣé wọ́n ti dá yín lóhùn?” Bí a bá ní “Ṣé wọ́n ti tọ́jú yín?”, ìyá náà lè máa retí oúnjẹ, nítorí pé ẹni tí ó tọ́jú àlejò ti fún un ní ìjókòó, omi àti nǹkan jíjẹ. Bí wọ́n bá ná ọjà tán, tí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wá ní òun yóò “take care of” owó náà, “Èmi ni n ó san án” ni ó ń sọ. “N ó tọ́jú owó náà” lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú owó kò tíì san án. Ńṣe ni ó fi í pamọ́.

Ibí yìí gan-an ni pọ́n-na inú ọ̀rọ̀-ìṣe náà wà. Bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí kò lẹ́mìí, fífi pamọ́ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn: tọ́jú owó, tọ́jú ìwé ilẹ̀, tọ́jú oúnjẹ dè mí. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn, oúnjẹ, oògùn àti ìmọ́tótó ni. Aṣọ wà láàárín méjèèjì, nítorí pé “ẹ tọ́jú àdìrẹ yín” lè jẹ́ pé kí a má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé kí a fi í sí ibi tí olè kò ní í dé. Bí ó bá kan ènìyàn, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni ó ń la pọ́n-na náà. “Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn” ń sọ ibi tí ìtọ́jú ti wáyé. “Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìwòsàn” ń sọ ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí. Ẹni àkọ́kọ́ lè ti lọ sí ilé rẹ̀. Ẹni kejì ṣì wà níbẹ̀ títí ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ yóò fi padà wá mú un.

Fún ojúṣe, mójú tó àti bójú tó ni ó yẹ jù. Ojú hàn nínú wọn bí ó ti hàn nínú tọ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mójú tó nǹkan ń wò ó kí ó má bàjẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ lè má kàn án. Ti owó yàtọ̀ sí èyí: gbọ́ bùkátà ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré láàárín ọmọ ìyá. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, lè sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun ni òun ń “take care of” màmá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó wà nílé ní Ìbàrà, tí ó ń se oúnjẹ, tí ó ń wẹ màmá, tí ó sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, yóò gbọ́ ọ, inú yóò sì bí i. Àpólà Gẹ̀ẹ́sì náà gba àwọn méjèèjì láyè. Yorùbá lè là wọ́n: ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ bùkátà, àbúrò ń tọ́jú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ẹ̀gbọ́n náà ń tọ́jú ìyá rẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ lójú àbúrò náà ní ìpàdé ẹbí ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Àwọn ìlò tí ó kù kò le. “Take care” ti ìdágbére, “ó dàbọ̀” tàbí àdúrà ni Yorùbá fi ń dípò rẹ̀. “Ẹ tọ́jú ara yín” ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, n kò sì ní í bá wọn jà, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá sọ ọ́ fún àgbàlagbà láìfi àdúrà kún un, ó máa ń dún bí àṣẹ létí mi. Bí wọ́n bá ní kí a “take care of” ọ̀gá kan kí ó tó buwọ́ lu ìwé, rìbá ni.

Ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù, kò sì sí ibi tí ó ti hàn tó Arò. Ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò ni wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì sí. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò. Aláìsàn ń gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó kéré tán ìbátan rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀, ìbátan náà ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó sì ń sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Nígbà tí ó fi máa di 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti pàdé fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

Lójú onímọ̀ èdè, Lántòrò ti 1944 jẹ́ tọ́jú sí; abúlé Arò jẹ́ tọ́jú ní. Ṣùgbọ́n nínú abúlé náà, ta ni ó ń tọ́jú aláìsàn? Dókítà ń tọ́jú rẹ̀, ìyá rẹ̀ tí ó ń se ọbẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, oníṣègùn ìbílẹ̀ náà ń tọ́jú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yóò fún dókítà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, “treat”, yóò sì fi “take care of” sílẹ̀ fún ìyá. Yorùbá kò ya wọ́n, mo sì rò pé àìyà wọ́n yìí bá ètò Lambo mu ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ìròyìn rẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé tọ́jú kò ṣe ìlérí ìwòsàn. “Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, kò sàn” kò ta ko ara rẹ̀. “Wọ́n wò ó sàn” ni ó parí ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó dára nínú abúlé lè di ewu nínú ìwé ìfọwọ́sí tí àwọn olùwádìí ìlera máa ń gbé wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti tú sí Yorùbá. Ẹ mú irú gbólóhùn yìí: “Any problem that arises will be taken care of.” Ẹni tí ó kánjú yóò kọ pé “Ìṣòro yòówù tí ó bá yọjú, a ó tọ́jú rẹ̀”, èyí tí ó jẹ́ pé wọn yóò fi ìṣòro náà pamọ́. Ẹni tí ó tún un ṣe yóò kọ pé “a ó tọ́jú yín”. Ó dùn létí, gírámà rẹ̀ kò sì ní àbùkù, ṣùgbọ́n ìlérí rẹ̀ wúwo ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, a kò dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Yorùbá fẹ́ olùwà. Bí a bá kọ “a ó”, àwa olùwádìí ni a ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà kan láti Ọ̀bàfẹ́mi-Owódé tí wọ́n bá ka ìwé náà sí létí yóò gbọ́ pé wọn yóò fún òun ní oògùn, wọn yóò dúró ti òun, wọn kò sì ní í gba kọ́bọ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́tà lásán ni olùwádìí ní lọ́kàn láti fún un kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bi olùwádìí ní ìbéèrè kí ó tó mú bírò: ta ni yóò ṣe é, kí ni yóò ṣe, ta ni yóò sanwó, títí di ìgbà wo? “A ó júwe ilé ìwòsàn fún yín” wà. “A ó gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn” wà. “A ó san owó ìtọ́jú yín” wà. “Dókítà wa yóò tọ́jú yín lọ́fẹ̀ẹ́ títí ara yín yóò fi yá” náà wà. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn lè ti wá. Bí olùwádìí kò bá lè sọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ dá ìwé náà padà fún un láìtíì tú u.