Bọ́ọ̀lù Gbígbá àti Máàkì Gbígbà ní Ìlú Houston

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní Houston gbà pé eré ìdárayá ló ń ba ìwé ọmọ jẹ́. Bí máàkì bá ti já wálẹ̀, bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ. (Orúkọ Hakeem Olajuwon, tó ti Èkó wá sí University of Houston ní 1980, ni àwọn ọmọ fi ń dá wọn lóhùn.) Àwọn kóòṣì ní tiwọn á ní irọ́ ni, àwọn tó ń ṣeré gan-an ló ń pàsì jù. Ta ló jàre?

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin ìpínlẹ̀ Texas ná. Ní 1984, nígbà tí Mark White jẹ́ gómìnà, wọ́n ṣe òfin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí "No Pass, No Play": ẹni tí kò pàsì kò ní ṣeré. Ní ilé-ìwé ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ kò tó 70 nínú iṣẹ́ kan péré kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje, àfi tó bá jẹ́ àwọn kíláàsì tó le jù kan tí òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 ni ìyà náà tẹ́lẹ̀. Ní 1995 wọ́n dín in kù sí 3, wọ́n sì gbà kí ọmọ máa bá wọn ṣe ìdánrawò.

Òfin yìí ló jẹ́ kí ẹ̀rí àwọn kóòṣì mẹ́hẹ. Bí a bá ka máàkì àwọn tó wà lórí pápá, àwọn tí òfin ti lé kúrò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni jọ èlùbọ́ tán, tó wá ń sọ pé bó ṣe kúnná láti orí ọlọ nìyẹn.

Ẹ̀rí tó dúró díẹ̀ wà níbòmíràn. Òfin Title IX ti 1972 mú kí ilé-ìwé jákèjádò Amẹ́ríkà ṣí àyè eré sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, àyè náà sì pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ti ń ṣeré gan-an tẹ́lẹ̀. Òfin ló fa èyí, kì í ṣe pé àwọn olórí pípé nìkan ló yan eré. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé Betsey Stevenson yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 2010: bí ọmọbìnrin 10 nínú 100 bá kún àwọn tó ń ṣeré, ẹni 1 nínú 100 ló ń kún àwọn tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kéré o, àmọ́ eré kò ba ìwé wọn jẹ́.

Ní Texas ńkọ́? Ilé-ìwé ti jẹ ọmọ níyà kí òbí tó gbọ́, ó sì ti dá ọjọ́ fún un: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, bó bá ti ń pàsì, ó padà sórí pápá. Òbí tó bá wá gba bọ́ọ̀lù pátápátá ti pa ọjọ́ yẹn rẹ́, ọmọ ò sì rí ohun tó ń sáré lé mọ́.