Agbọ́n Tíntín Tí Ó Gba Ẹ̀gẹ́ Áfíríkà Sílẹ̀

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Potogí ni wọ́n gbé e wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì di ti ilẹ̀ yìí débi pé kò sí ọjọ́ ọjà tí gààrí, láfún àti fùfú kì í wọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn lẹ́rù-lẹ́rù. Àwọn kòkòrò kan tí ń jẹ ẹ́ ní ìlú rẹ̀ kò bá a sọdá òkun, àwọn ọ̀tá tí ń pa kòkòrò wọ̀nyẹn kò sì bá a wá pẹ̀lú. Ìyà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà rí ọ̀nà wọlé, tí ọ̀tá rẹ̀ sì kù sẹ́yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní agbègbè Kóńgò. Kòkòrò kékeré ni, ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìda funfun lẹ́búlẹ́bú sì bò ó bí ẹni pé a yí i nínú èlùbọ́ láfún. Ní 1977 ni àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ Phenacoccus manihoti. Abo ni gbogbo rẹ̀. Kò nílò akọ kí ó tó yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo tí atẹ́gùn bá gbé já sí oko tó láti kún oko náà. Orí ẹ̀ka, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ni ó máa ń fẹnu sí láti fa oje, májèlé inú itọ́ rẹ̀ a sì mú kí ewé ká kò, kí àárín oríkèé sí oríkèé kúrú, kí igi náà ràn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń le jù, àdánù oko mìíràn sì lè tó ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Igi ẹ̀gẹ́ tí ó ti kọ lù kò tún ṣeé gbìn dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni igi gbígbìn tí àgbẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé e láti ìlú dé ìlú.

Oògùn apakòkòrò kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìda ara kòkòrò náà ń dáàbò bò ó, owó oògùn ju agbára àgbẹ̀ tí ń ro oko kékeré lọ, àwọn ènìyàn Kóńgò sì ń fi ewé ẹ̀gẹ́ se ọbẹ̀. Ní 1979, Hans Rudolf Herren, onímọ̀ nípa kòkòrò láti ilẹ̀ Switzerland, dé sí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, tí ó wà ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ lẹ́yìn Òjòó, fún ẹni tí ó bá gba Agbowó jáde kúrò nínú Ìbàdàn. Èrò tí ó fi síwájú ni kí a wá ibi tí kòkòrò náà ti wá rí, kí a sì mú ọ̀tá tí ń pa á níbẹ̀ wá bá a.

Wíwá náà kò rọrùn. Ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n bá kòkòrò kan tí ó jọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá tí ń pa èyíinì kò bìkítà fún ti Áfíríkà rárá, nítorí ẹ̀yà mìíràn ni. Ní 1981 ni Tony Bellotti, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, rí kòkòrò náà gan-an ní Paraguay. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí agbọ́n kan tí kò gùn tó mìlímítà méjì, tí a mọ̀ lónìí sí Anagyrus lopezi. Abo agbọ́n yìí ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà; nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ inú rẹ̀ a máa jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi kú, òkú náà a gbẹ, a le, agbọ́n tuntun a sì lu ihò jáde lára rẹ̀.

Wọn kò kó o tààrà wá sí Áfíríkà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n sé e mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó má baà gbé àrùn tàbí kòkòrò mìíràn dání. Ẹ̀gẹ́ kì í hù níbẹ̀, nítorí náà ohun tí ó bá bọ́ kò ní ohun tí yóò jẹ. Ní ìparí 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní oko IITA ní Ìbàdàn. Ó la ìgbà òjò já, ó sì ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sin ín ní ọ̀pọ̀ yanturu, tí wọ́n ń kó o lọ sí orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú u sí oko.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó: ní ilẹ̀ oníyanrìn tí kò lọ́ràá, tí a kò fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ igi, agbọ́n náà kì í borí bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú oko, kòkòrò náà lọ sílẹ̀ gidigidi, àgbẹ̀ kò sì san kọ́bọ̀. Ìṣirò tí Richard Norgaard, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, gbé jáde ní 1988 fi hàn pé dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a ná mú èrè dọ́là 149 wá. Ní 1995, Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ohun ìyanu ni pé àwọn ará Ìbàdàn tí ń jẹ ẹ̀bà ní alaalẹ́ kì í sábà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ńlá yìí tí a ṣe ní ìlú wọn.

Ohun tí a rí nínú oko ẹ̀gẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ní Bódìjà. Agbọ́n kéékèèké àti aláǹtakùn ló wà lára àwọn tí ń dá kòkòrò ajẹ̀fọ́ lẹ́kun níbẹ̀, oògùn tí a bá sì fọ́n láìwádìí kì í dá ọ̀rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Nígbà tí agbára oògùn bá pin, kòkòrò ajẹ̀fọ́ ni ó máa ń tètè pọ̀ padà, nítorí àwọn tí ìbá jẹ ẹ́ ti kú.

Iṣẹ́ agbọ́n ẹ̀gẹ́ kò mọ sí Áfíríkà: nígbà tí kòkòrò ẹ̀gẹ́ náà ya wọ Thailand, láti ibùdó IITA ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wọ́n ti kó agbọ́n lọ fún wọn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2010. Ní 2016, kòkòrò tuntun mìíràn láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í run àgbàdo ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ sì tún dìde láti wá ọ̀tá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n tó gbé agbọ́n kankan sọdá òkun, wọ́n rí i pé Telenomus remus, agbọ́n tí ń yé ẹyin sínú ẹyin kòkòrò náà, ti wà ní Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn.