Àmì Ohùn àti Ẹni tí Ń Fi Etí Kàwé

Ní ọdún 1977, nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú káàkiri àgbáyé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àti àṣà, Festac Town ni a kọ́ láti fi wọ̀ wọ́n. Ìlú tí a torí àlejò kọ́ ni. Níbẹ̀, ní agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ni ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Mo ṣe àlàyé lórí oríkì níbẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó bẹ̀ mí pé kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí fóònù òun. Mo ya àwòrán ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí: “Bàbá, ẹ ṣeun. Àwòrán mẹ́sàn-án ni mo rí gbà; fóònù mi kò rí ọ̀rọ̀ kan kà nínú wọn.”

Ojú tì mí. Ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè fún afọ́jú kì í wo ìrísí ìwé. Lẹ́tà tí a tẹ̀ gan-an ni ó ń wá. Ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni NVDA, tí Michael Curran àti James Teh, afọ́jú méjì ará Ọsirélíà, gbé jáde láti ọdún 2006, tí a kò sì ń sanwó lò. Lóòótọ́, ọ̀nà wà láti yọ lẹ́tà lára àwòrán, ṣùgbọ́n àmì ohùn wa máa ń ṣì í lọ́nà.

Mo tún ìwé náà tẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fi àmì sí i. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Bí a bá kọ “igba” lásán, ṣé igba owó ni, àbí ìgbà òjò, àbí igbá ẹ̀kọ, àbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Aríran yóò fi òye gbé e. Ẹ̀rọ, bí ó tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá, ohun tí a kọ ni yóò pè. Oríkì tí kò ní ohùn, ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya ni.

Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, àti òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí ilẹ̀ wa fọwọ́ sí ní ọdún 2023, ti fi àyè sílẹ̀ láti ṣe ìwé ní irú èyí tí afọ́jú lè kà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá wa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni: kí a tẹ ìwé wa, kí a fi àmì sí i, kí a sì fi ọ̀rọ̀ ṣe àpèjúwe àwòrán inú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a gba àlejò tán, kí a wá ti ọmọ ilé mọ́ ìta.