Ẹ̀yin ẹnjiníà tuntun, ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó so wáyà!

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pọ́lì, tí wọ́n gbé iṣẹ́ inverter àkọ́kọ́ fún un, inú ẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn. Kó tó ronú, ó ti lọ ra ẹrù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Oníbàárà ní kó gbé watt 1,000, bátìrì volt 12 ló sì wà nílẹ̀. Ẹ fi 12 pín 1,000: iná tó máa gba inú wáyà bátìrì kọjá lé ní amp 83! Ṣé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so gílóòbù ló máa gbé ìyẹn? Á gbóná, rọ́bà ara ẹ̀ á yọ́, bó bá wá ràn mọ́ kọ́tìnì, ilé onílé ti lọ nìyẹn.

Wákàtí tó máa lò ńkọ́? Bátìrì olómi volt 12, amp-wákàtí 200, watt-wákàtí 2,400 ló wà nínú ẹ̀, kò sì dáa kéèyàn máa lò ó kọjá ìdajì. Tó bá gbé watt 1,000, bíi wákàtí kan ni kẹ́ ẹ ṣèlérí. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ á mọ́ bá a, ìjà ló ń wá.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó gbowó, ẹ kọ gbogbo ohun tí oníbàárà fẹ́ lò sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ yàwòrán iṣẹ́ náà. Ẹ fi fíúsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ẹ dán an wò lójú ara yín kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Owó oṣù ẹlòmí-ìn lẹ gbà yẹn o! Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́.