Ọwọ́ Ló Ń Ya Alùpùpù, Ara Ń Ràn Án Lọ́wọ́

Bí ẹ bá bi ọlọ́kadà kan ní ìdíkọ̀ wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe máa ń yà sí òsì?", ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Yóò ní hándù lòun máa ń yí sí òsì. Bí kọ́nà náà bá sì gùn, òun á fi ara tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ló sọ, tó bá jẹ́ pé àárín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló ti ń rá pálá. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sí ọ̀nà tó mọ́, tí eré rẹ̀ ti kọjá bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ti yàtọ̀ sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Kí alùpùpù tó yà sí òsì, ọwọ́ rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ darí táyà iwájú sí ọ̀tún díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ni ara rẹ̀ ti mọ èyí í ṣe. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un, òun náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ọlọ́kadà nìkan. Kí Wilbur Wright àti Orville àbúrò rẹ̀ tó fò nínú bàálù tí wọ́n ṣe ní 1903, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà, tí wọ́n sì ń tún ṣe, nílùú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Wilbur bi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ léèrè bí wọ́n ṣe ń yà sí òsì. Kò rí ẹyọ ẹnì kan tó kọ́kọ́ sọ ọ́ pé. Wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́, síbẹ̀ ojú wọn kò rí i.

Ẹ rántí eré tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe, tí wọ́n á gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ nàró lórí àtẹ́lẹwọ́. Bí ọmọ náà bá fẹ́ kí ọ̀pá fì sí òsì, ọ̀tún ló ń sún ọwọ́ sí. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá á sá kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, orí á sì wọ́ lọ sí òsì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni alùpùpù ṣe ń ṣe. Táyà ni ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ibi tí ìwúwo ọkọ̀ àti ti ẹni tó gùn ún ti pàdé, ní sàkáání táǹkì epo, ni orí rẹ̀. Tí ọwọ́ òsì bá ti hándù síwájú díẹ̀, táyà iwájú á kọjú sí ọ̀tún fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, á sá jáde lábẹ́ ìwúwo náà, gbogbo ọkọ̀ á sì fì sí òsì. Ẹni tó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún á ti ọ̀tún síwájú. Títì náà kò ju kí àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí kò fi hàn sí ẹni tó ń ṣe é.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó kù. Àwọn tó ṣe é dá fọ́ọ̀kì iwájú ní ìdagẹ̀rẹ̀, débi pé ẹ̀yìn ibi tí ìlà tí hándù fi ń yí ìbá ti gúnlẹ̀ ni táyà ti ń kan ilẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti fì sí òsì, táyà iwájú á yí wá sí òsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí i, á sì máa bá kọ́nà lọ. Ẹni tó bá fún hándù mọ́wọ́ gírígírí nígbà yìí, iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń dí lọ́wọ́. Ohun tó yẹ ni kí apá rọ̀, kí ìgbọ́nwọ́ tẹ̀, kí orúnkún méjèèjì sì fún táǹkì mọ́ra, torí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́ ọkọ̀, hándù ni yóò rọ̀ mọ́.

Kí ló wá dé tí alùpùpù fi gbọ́dọ̀ fì? Mọ́tò ní táyà mẹ́rin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tó bá ń yà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á kàn máa sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Alùpùpù kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá fi ìwúwo rẹ̀ wọ́ sínú kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ òde ni yóò dà sí. Bí ẹni tó gùn ún bá jókòó sáàárín ọkọ̀, ohun méjì péré ló ń pinnu bí yóò ṣe fì tó: eré tó ń sá, àti bí kọ́nà ṣe ká tó. Ìwúwo ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká mú kọ́nà kan tó jẹ́ pé, bí a bá fa ìlà rẹ̀ yípo di róbótó, mítà 25 ni yóò wà láti àárín róbótó náà sí ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbà á ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan ní láti fì tó dígírì 16. Ní 40, ó di 27. Ní 50, ó di 38. Ní 60, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 49. Eré di ìlọ́po méjì láti 30 sí 60, ṣùgbọ́n agbára tí táyà ní láti fi di ilẹ̀ mú di ìlọ́po mẹ́rin. Ní dígírì 45, agbára náà ti bá gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti èèyàn dọ́gba. Táyà ojú pópó tó dára lórí ọ̀dà gbígbẹ lè súnmọ́ ibẹ̀. Èyí tó ti pá, tí wọ́n ṣì ń fi gbé èèyàn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ara ti wọlé. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀gá nínú eré ìje alùpùpù, bíi Mike Hailwood ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń jókòó sáàárín ọkọ̀. Èèyàn àti ọkọ̀ á jọ fì pọ̀. Jarno Saarinen, ọmọ ilẹ̀ Finland tó gba adé àgbáyé fún ẹ́ńjìnnì 250 ní 1972, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń yọ ìdí kúrò lórí ìjókòó tí wọ́n sì ń na orúnkún sí inú kọ́nà. Ìjàǹbá pa á lórí pápá Monza ní Ítálì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kenny Roberts, ọmọ California tó gba adé àgbáyé ní 1978, 1979 àti 1980, ló sọ ọ́ di àṣà gbogbo ayé. Nígbà tí Marc Márquez ti Sípéènì fi máa gba adé MotoGP ní 2013, lẹ́ni ogún ọdún, ìgbọ́nwọ́ ló ti ń ha ilẹ̀, ọkọ̀ a sì fì kọjá dígírì 60.

Àwọn kan rò pé yànga ni. Ìṣirò ló wà nídìí rẹ̀. Ká ní alùpùpù kan wúwo tó kílógíráàmù 115, ẹni tó gùn ún sì jẹ́ 70. Bí onítọ̀hún bá sún ara rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí inú kọ́nà, ojú ibi tí ìwúwo àwọn méjèèjì ti pàdé á sún bíi sẹ̀ǹtímítà méje àtààbọ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí ilẹ̀, ọkọ̀ á lè nàró sí i ní bíi dígírì mẹ́fà, láìdín eré kù. Kọ́nà tó fẹ́ kí ọkọ̀ fì dé 38 á wá jẹ́ 32. Táyà kò jèrè agbára kankan níbẹ̀ o. Iye tó ní láti fi di ilẹ̀ mú kò yí padà. Ohun tí a jèrè ni àyè: irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ á jìnnà sílẹ̀ díẹ̀ sí i, irin ìdáàbòbò tí wọ́n jó mọ́ iwájú náà á jìnnà. Irú irin bẹ́ẹ̀ léwu nínú kọ́nà, torí pé bó bá tẹ ilẹ̀ gan-an, ó lè gbé táyà kúrò nílẹ̀. Ní ti orúnkún tí à ń rí tó ń kan ọ̀dà, kì í gbé ọkọ̀ ró. Ó kàn ń sọ fún eléré bí ọkọ̀ ṣe fì tó.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá gbà láti inú èyí pé ara ni wọ́n fi ń ya alùpùpù ti ṣì í gbọ́. Keith Code, tó dá ilé ẹ̀kọ́ California Superbike School sílẹ̀, ṣe ọkọ̀ kan láti fi yanjú àríyànjiyàn yìí. Ó de hándù kejì mọ́ ara ọkọ̀ náà, hándù tí kì í yí rárá, ó sì fi tọrọ́tù sí i kí ọkọ̀ lè máa sáré lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá di hándù gidi mú, ọkọ̀ á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bó bá di èyí tí kò ń yí mú, kó wá máa ju ara sí òsì sí ọ̀tún, ọkọ̀ á kàn máa mì, á rọra sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ní gba kọ́nà kankan bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ló dára jù lọ láti fi kọ́ ẹni tó ti ń gun alùpùpù fún ọdún pípẹ́, torí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Àìmọ̀ yìí a máa pa èèyàn. Ní 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù 900 ní agbègbè Los Angeles, èyí tí wọ́n lọ yẹ̀ wò níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn tó jẹ́ pé alùpùpù nìkan ló kàn, láìsí mọ́tò mìíràn, àṣìṣe ẹni tó ń gùn ún ló fà á nínú bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta. Yálà ó tẹ bíréèkì jù tó fi yọ̀ ṣubú, tàbí eré rẹ̀ pọ̀ jù fún kọ́nà, tàbí kò jẹ́ kí ọkọ̀ fì tó. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ọkọ̀ ṣì lè fì sí i, táyà ṣì ní agbára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba ẹni tó wà lórí rẹ̀. Apá rẹ̀ le gbagidi, ó tẹjú mọ́ igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì lọ bá igi náà. Ibi tí ojú bá wò ni ọwọ́ máa ń darí ọkọ̀ sí. Ẹni tó bá rí i pé kọ́nà ká ju bí òun ṣe rò lọ, ibi tí ọ̀nà ti já ni kó wò, kó sì tún ti hándù ẹ̀gbẹ́ inú síwájú sí i.

Kò gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì lójijì nígbà náà. Agbára kan ṣoṣo ni táyà ní, òun ló ń pín sí méjì fún yíyà àti dídúró. Bí yíyà bá ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó kù fún bíréèkì kéré. Ibi tí ọ̀nà ṣì tọ́ ni a ti ń dín eré kù, bíréèkì iwájú ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, torí pé ìwúwo máa ń wọ́ síwájú tí ọkọ̀ bá ń dúró. Àwọn ọlọ́kadà wa tó ń bẹ̀rù rẹ̀, tó jẹ́ bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, èyí tí kò lágbára tó ni wọ́n gbára lé. Nínú kọ́nà, kí tọrọ́tù wà ní ṣíṣí díẹ̀, kí ọkọ̀ máa lọ láìfò láìjá.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà òkè láti Iléṣà gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Adó-Èkìtì mọ̀ pé kọ́nà kan ò jọ èkejì. Láti oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, kọ́nà òsì ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Táyà lè wà ní apá tiwa, lẹ́bàá ìlà àárín, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ̀ fì sí òsì, orí àti èjìká ti kọjá sí apá àwọn tó ń bọ̀. Tírélà tó ń sọ̀kalẹ̀ kò nílò láti kọjá ìlà kó tó gbá a. Nínú kọ́nà òsì, nítorí náà, kí ọkọ̀ sún sí apá ọ̀tún títí ojú á fi rí òpin kọ́nà. Ti kọ́nà ọ̀tún yàtọ̀: ẹni tó bá tètè gé e, apá àwọn tó ń bọ̀ ni eré máa gbé e jù sí nígbà tó bá ń jáde.

Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni. Lórí yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ilẹ̀ pupa, ṣe ni à ń yí i padà. Ara á dúró ṣánṣán, ọkọ̀ nìkan á fì lábẹ́ rẹ̀, ìwúwo á sì wà lórí irin tí ẹsẹ̀ òde ń tẹ̀. Bí táyà bá yọ̀ lójijì, ìwúwo èèyàn ṣì wà lókè táyà, ó sì ṣeé gbà padà. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà wọ oko kò ka èyí níbì kankan, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Bákan náà ni fún ẹni tó ń yí po lójú kan: ọkọ̀ á fì, ara á nàró.

Ó ku ẹni tó wà lẹ́yìn. Bí ọ̀kadà bá fì sí òsì, tí ẹ̀rù ba èrò, tó wá fà sí ọ̀tún, ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn á ṣiṣẹ́ sódì: ọkọ̀ ní láti fì sí i kó tó lè gba kọ́nà kan náà. Ìdí tí ọlọ́kadà fi ń pariwo nìyẹn pé, "Mọ̀mí, ẹ má mira o!" Àmọ́ kí èrò jókòó gbagidi nìkan kò tó. Kó máa wo òkè èjìká ọlọ́kadà tó wà ní inú kọ́nà. Bí kọ́nà bá jẹ́ ti òsì, kó wo òkè èjìká òsì. Ara rẹ̀ á bá ọkọ̀ fì dé ìwọ̀n tó yẹ, láìjẹ́ pé ó ń gbìyànjú. Bí èrò bá wá di méjì, tí àpò ìrẹsì tún wà lẹ́yìn wọn, ìwúwo ti sá lọ sẹ́yìn, táyà iwájú ti fúyẹ́, hándù kò sì ní ilẹ̀ tó pọ̀ láti dì mú mọ́. Irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀, kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀ ni kó ti rọra.