Ojúṣe Ẹni Tí Ó Gba Àjòjì Sí Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, tí ó dé Òṣíẹ̀lẹ̀, tí ó sì yà sínú àwọn oko àti ibi ìfọ́-òkúta tí ó wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá, kò ní pẹ́ gbọ́ èdè Ègùn tàbí èdè Fọ̀n lẹ́nu àwọn tí ń fi òòlù la òkúta àti àwọn tí ń kọ ebè. Nítorí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbógun tì ní 1851 àti ní 1864, ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Dàhòmì kan náà, tí a ń pè ní Benin lónìí, ń wá jẹun sí. Kò sí aburú níbẹ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbà wọ́n síṣẹ́ gbà pé, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ti bi wọ́n léèrè físà, kò sí òfin kankan láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́.

Òfin wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1979, àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́. Ní 1986 ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú àti láti ṣiṣẹ́ kún un. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ gba ará Íńdíà tàbí ará Ṣáínà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Abùjá, ṣùgbọ́n ọ̀nà ará Benin, Tógò tàbí Gánà fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí 90 ọjọ́ bá pé, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ Imigiréṣọ̀n, ojúṣe ọ̀gá sì ni láti rí ìwé rẹ̀ kí ó tó fi àdá lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Àṣà tí ó gbilẹ̀ ní àwọn oko wa ni pé alágbàtà kan yóò kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá láti òkè ààlà, wọn yóò ṣiṣẹ́ láti ọdún dé ọdún, oúnjẹ nìkan ni wọn yóò máa rí gbà, títí di ìgbà tí ọdún bá pé, tí a ó wá ra ọ̀kadà fún wọn tàbí kí a ka owó lé alágbàtà lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn ní oṣù kẹwàá ńkọ́? Bí ọ̀gá bá dá a lẹ́bi ẹ̀sùn kan, tí ó lé e lọ ní oṣù kọkànlá ńkọ́? Òógùn ojú rẹ̀ wọlẹ̀ gbé nìyẹn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fàyè gba èyí: owó ni a gbọ́dọ̀ fi san owó iṣẹ́; kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ láàárín ìsanwó méjì, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ọdún ni a jọ ṣàdéhùn rẹ̀; ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ti ọmọdé tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Ní 2003, ó lé ní 100 ọmọ tí a kó kúrò níbi ìfọ́-òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta padà sí Benin, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Zakpota nítòsí Abomey. Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá wà lára wọn, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta tí wọ́n sì ń rù ú. Ẹ̀gàn ńlá ni ó jẹ́ fún ìlú Ṣódẹkẹ́. Ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti òwò ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí alágbàtà bá mú ọmọdé wá bá, kí ó mọ̀ pé ọ̀ràn ni wọ́n gbé wá sílé òun.

Àwa náà ti jẹ àjòjì rí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Gánà, àìmọye Yorùbá ni ó fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀ sá wálé. Ní 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà bákan náà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olóko àti onífọ́-òkúta, mo bẹ̀ yín, kí alágbàtà tó tún kó àwọn mìíràn dé, ẹ béèrè ìwé wọn, ẹ kọ àdéhùn lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì máa ka owó oṣù lé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.