Nígbà Tí Jíìpù Ìdílé Bá Ń Fa Ẹrù

Ní Ìdànrè níbí, bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kòkó ni ó ń gba ẹnu gbogbo ilé. Láti Òdòde dé Aládé àti Àtòsìn, ẹni tí kò ní oko ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ní. Nítorí náà, jíìpù tí ó gbé ìdílé lọ sí ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi náà ni yóò fa tírélà kékeré lọ sí oko ní ọjọ́ kejì. Kì í ṣe tírélà ńlá tí ń ná ọ̀nà Èkó ni a ń wí, bí kò ṣe èyí onítáyà méjì tí a ń so mọ́ ìdí jíìpù.

Ní ọdún kan, díẹ̀ ni ó kù kí a kàgbákò. Àpò kòkó 14 ni a dì sínú tírélà, àwọn ọmọ wa méjì sì jókòó lẹ́yìn nínú jíìpù. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń ti jíìpù síwájú. Ìyá àwọn ọmọ kígbe pé, "Bàbá wọn, ẹ rọra o!" Búrẹ́ìkì ti gbóná, ó ń rùn, ẹsẹ̀ sì ń wọlẹ̀ lọ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Ọ̀nà tẹ́jú kí búrẹ́ìkì tó kú pátápátá.

Nígbà tí a délé, bàbá kan nínú ìjọ, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ kòkó, gbọ́ ìròyìn náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọgbọ́n pẹ̀lú. Bọ́tìnnì ìfàrù ńkọ́, ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́?" A wo ojú ara wa. Ó wà lára jíà láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀ náà, "Tow/Haul" ni a kọ sí i, a kò sì bèèrè iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Jíà ọ̀tọ́mátíìkì a máa tètè bọ́ sí jíà òkè kí epo má baà jó púpọ̀. Èyí dára nígbà tí kò sí ẹrù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fa ẹrù gun òkè, yóò máa bọ́ sókè, yóò máa padà sísàlẹ̀ láìsinmi. Ọ́ìlì jíà yóò gbóná, ooru ni ó sì ń ba jíà jẹ́. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì yìí, jíà yóò pẹ́ ní ìsàlẹ̀ kí ó tó gòkè. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, yóò padà sí jíà ìsàlẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò máa dá ọkọ̀ dúró díẹ̀díẹ̀, kí búrẹ́ìkì má baà dá iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí jíìpù rẹ̀ kò ní in lè pa "O/D", tàbí kí ó fi jíà sí 2 tàbí L kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí kò lè ṣe

Bọ́tìnnì kò sọ ọkọ̀ kékeré di ńlá. Ìwé jíìpù wa sọ pé tírélà tí kò ní búrẹ́ìkì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 750 lọ, ti òun ti ẹrù rẹ̀. Tírélà wa nìkan jẹ́ kílò 250. Àpò kòkó kan jẹ́ kílò 62.5, nítorí 16 ni ó ń pé tọ́ọ̀nù kan. Àpò 8 péré ni ó yẹ wá. Àwa sì di 14! Ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ tiyín wò.

Bí a ti di ẹrù tún ṣe pàtàkì. Nínú 100 kílò, ó yẹ kí 10 sí 15 tẹ ìkọ́ tí ó wà ní ìdí jíìpù. Bí ẹrù bá pọ̀ sẹ́yìn, tírélà yóò máa jó lójú ọ̀nà. Ẹ kó èyí tí ó wúwo síwájú díẹ̀ sí táyà, kí ẹ sì so ó pinpin.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà, ẹ wo iná búrẹ́ìkì tírélà, ẹ sì fi ṣéènì méjì kọ́ra lábẹ́ ìkọ́, kí tírélà má baà sá lọ bí ìkọ́ bá yọ. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ má ṣe tẹ búrẹ́ìkì jíìpù lójijì, ẹ má sì sáré sí i. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di sítíárìn mú gbọningbọnin títí eré yóò fi dínkù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé, jókòó sórí ẹrù nínú tírélà.

Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwa ń lọ sí oko fún ohun tí a ti ń fi ẹ̀ẹ̀kan kó. Epo ń jó sí i, ilẹ̀ sì máa ń ṣú wa nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn ọmọ kò kígbe mọ́, àwọn ọmọ sì máa ń sùn lọ lẹ́yìn. Àdúrà ìrìnàjò dára, a kò ní dákẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ìmọ̀ tì í lẹ́yìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.